Ṣé Bàbá Ẹni Ọdún 68 Lè Gun Òkè Ìdànrè?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 68, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí Òkè Ìdànrè. Mo fẹ́ mú wọn lọ ní oṣù Kejìlá pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 9, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 12. Orúnkún máa ń dun Bàbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n á lè gùn ún? Ọkọ mi ní tó bá jẹ́ òkè la fẹ́ wò, ká kúkú lọ sí ọgbà ìpamọ́ ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, pé òkúta àti àtẹ̀gùn nìkan ló wà n'Ìdànrè. Àwọn ọmọ náà ti gbọ́ ìtàn ẹsẹ̀ Agbóògùn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Kí lẹ rí sí i?"

Ìdáhùn: Bàbá yín lè gùn ún, bí dókítà wọn bá ti gbà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń kó àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní jọ́gíráfì lọ sórí òkè yìí. Mo ti rí àgbàlagbà tó ju bàbá yín lọ tó dé ààfin òkè, tó jókòó pẹ̀sẹ̀, tó sì ń bi wá léèrè pé kí ló kù tí a fẹ́ fi han òun. Mo sì ti rí ọ̀dọ́kùnrin tó sáré gun ọgọ́rùn-ún àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, tó wá dùbúlẹ̀ gbalaja sórí òkúta. Bí ènìyàn ṣe ń rìn ló ń gbé e dé òkè Ìdànrè.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín kò burú. Lóòótọ́, Òkè Ìdànrè kì í ṣe ọgbà ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀. Bí ẹ bá ń wá èyí tó ní òkè gíga jù ní Nàìjíríà nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, Gashaka-Gumti ni, ní ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa. Ọdún 1991 ni ìjọba sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́ àpapọ̀, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo wọn: ó ju 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni Chappal Waddi wà, tó ga ní 2,419 mítà. Ìnàkí ṣì wà nínú igbó rẹ̀. Ó wù mí kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà fojú kàn án. Ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn, ọ̀nà jìn gan-an, bí ẹ bá sì dé inú ọgbà náà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn, inú igbó lẹ sì máa sùn. Ọmọ ọdún 9 àti bàbá tí orúnkún ń dùn kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ irú ìrìn yẹn. Ti Ìdànrè, ẹ lè sun Àkúrẹ́ mọ́jú, kí ẹ gun òkè láàárọ̀, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ iyán lọ́sàn-án.

Pé òkúta àti àtẹ̀gùn nìkan ló wà níbẹ̀ ni mi ò lè gbà.

Ìlú ló wà lórí òkè yẹn. Ìlú tó ní ọba, tó ní ilé ẹjọ́, tó ní ilé ìwé, tó ní ojúbọ, tó sì ní ibi tí wọ́n ń sìnkú sí. Gbogbo ará Ìdànrè ló ń gbé orí rẹ̀ nígbà kan. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé ó tó 800 ọdún tí wọ́n fi gbé ibẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 sí ibi tí ìlú wà lónìí. Ẹ fara balẹ̀ ro ìyẹn wò. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún n'Ìdànrè lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí òkè yẹn ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ohun ayé àtijọ́ tó jìnnà sí wa. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé, èmi kò sì rò pé torí gíga òkúta nìkan ni. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ìtẹ́jú òkun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkè tó ga jù ú lọ pọ̀ láyé. Èyí tí odindi ìlú ti gbé rí, tí ògiri ilé wọn ṣì dúró, ni kò pọ̀.

Kí ló gbé wọn débẹ̀? Ogun àti ìbẹ̀rù ogun ni, bó ṣe gbé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Àmọ́ àwọn Ẹ̀gbá fi àpáta ṣe ààbò, wọ́n sì tẹ ìlú dó yí i ká. Àwọn ará Ìdànrè gbé ìlú gun àpáta. Bí ẹ bá dúró ní etí òkè tí ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ ò ní béèrè ìdí mọ́: ẹni tó bá ń bọ̀ wá gbógun tì yín, ẹ ti rí i kó tó rí yín, kó sì tó gòkè, èémí ti tán nínú rẹ̀. Omi wà lórí òkè, igi ìdáná wà, ilẹ̀ oko wà ní àfonífojì àárín àwọn òkúta. Nígbà tí ogun wá dáwọ́ dúró, tí ọ̀nà mọ́tò dé ìsàlẹ̀, tí kòkó sì di owó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá oko àti ọjà. Lónìí, Ìdànrè jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ilẹ̀ tí kòkó ti ń jáde jù ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹ ó sì rí kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹ bá ń wọ ìlú bọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti àtẹ̀gùn. 660 ni iye tí gbogbo ayé ń pè é. Mi ò tíì bá ọmọ ilé ìwé méjì pàdé tí iye tí wọ́n kà bára mu, nítorí náà bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ kà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, ó ń dín eré wọn kù. Kọ̀ǹkéré ni, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ kí Bàbá ṣe nìyí: kí wọ́n gun ogún, kí wọ́n dúró, kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n tún gun ogún. Ní gbogbo ibi ìsinmi, kí wọ́n jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kò rẹ àwọn. Àwọn bàbá wa kì í fẹ́ gbà pé ó rẹ àwọn níwájú ọmọ-ọmọ. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó rẹ̀ wọ́n. Ẹ ní ẹ̀yin ló rẹ̀, kí ẹ jókòó, wọ́n á jókòó tì yín. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà tí èémí ò jẹ́ kí wọ́n parí gbólóhùn kan, ìrìn yẹn ti yá jù fún wọn.

Àtẹ̀gùn lè tán kí òkè má tíì tán. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn dé òpin, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ti débẹ̀, wọ́n á sì yí padà. Ìlú àtijọ́ ṣì wà níwájú. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, ẹ máa rìn lórí òkúta tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ máa gba inú igbó díẹ̀, ẹ máa sọ̀, ẹ tún máa gòkè. Kò sí irin ìdìmú níbẹ̀. Ibi yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù fún orúnkún Bàbá, kì í ṣe àtẹ̀gùn. Ẹ bá wọn wá ọ̀pá tó le, tó ga dé ìgbáròkó wọn. Kí ọmọ ọdún 12 yẹn máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ wọn, kó máa jẹ́ kí wọ́n gbé ọwọ́ lé òun léjìká.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Mo fi ojú ara mi rí ohun tí ìdájí ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún kan, ọkọ̀ tí a háyà kò tètè dé, agogo mọ́kànlá ti kọjá kí àwa àti àwọn ọmọ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kí n sọ pé ká padà. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ ti sanwó, inú wọn sì ń dùn. Òkúta ti gba oòrùn sára láti àárọ̀, ooru ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó tún ń ti òkè bọ̀. Omi inú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ni a pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí a tó dé ibi ìsinmi kẹta, olùkọ́ kan tí a jọ lọ ní òòyì ń kọ́ òun. Kó tó jókòó, ó ti ṣubú lulẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ bí ewé. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló bá wa gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo sì ń da omi sí i lórí láti ọ̀rá tí àwọn ọmọ ń fi sílẹ̀ fún mi, láìbéèrè. Orí ṣe é, ó yè. Láti ọjọ́ náà, agogo méje àbọ̀ ni mo máa ń wà ní ẹsẹ̀ òkè, lítà méjì omi ni mo sì máa ń sọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé.

Nípa oògùn Bàbá: ẹ lọ rí dókítà wọn ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kí ẹ sọ fún un pé òkè ni wọ́n fẹ́ gùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn wà tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́, òmíràn wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré bó ṣe yẹ nígbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́. Dókítà ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa lò ó lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n má ṣe fò ó fúnra wọn. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tàbí òòyì ń kọ́ wọn, tàbí òógùn tútù bò wọ́n, ìrìn parí nìyẹn, ẹ jókòó, ẹ pe amọ̀nà. Ẹ sì rántí pé sísọ̀ ló ń dun orúnkún ju gígùn lọ. Ẹ pa agbára mọ́ fún un.

Bí ẹ bá dé ìlú náà, ẹ máa kọ́kọ́ rí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ní ọdún 1896 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé orí àpáta ni wọ́n ti kọ́ A, B, D. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé agogo wà níbẹ̀, ẹ wò wọ́n kọjá. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí ni ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè.

Ààfin náà kì í ṣe ilé ńlá. Ẹni tó bá ń retí ilé alájà mẹ́ta á ní ṣé èyí náà ni. Ẹ dúró ní àgbàlá rẹ̀. Ògiri amọ̀ ló yí yín ká, òrùlé páànù tó ti pọ́n wà lókè, òpó gbígbẹ́ sì ń gbé òrùlé náà ró. Ẹ súnmọ́ òpó kan. Ẹ wo bí oníṣọ̀nà ṣe gbẹ́ ojú ènìyàn, bó ṣe yọ ẹyin ojú síta, bí àwọ̀ ṣe ti ń ṣí kúrò. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é, a sì ní láti rántí pé kò sí ohun kan nínú ilé yẹn tí ẹnì kan kò fi orí rù tàbí fi èjìká gbé dé ibẹ̀. Níbẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Ariwo ọ̀kadà Òdóde, ìlú tó wà nísàlẹ̀, kì í dé òkè dáadáa. Afẹ́fẹ́ àti ẹyẹ ló kù. Ẹ má fọwọ́ kan òpó o. Òógùn ọwọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn lójúmọ́ ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó fara ti í ya fọ́tò.

Ẹsẹ̀ Agbóògùn wá ńkọ́? Agbóògùn jẹ́ alágbára kan tí ìtàn Ìdànrè kì í ṣe láìdárúkọ rẹ̀. Ihò kan tó dà bí ojú ẹsẹ̀ wà lára òkúta, wọ́n sì ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, ìbáà ṣe ti ọmọdé, ìbáà ṣe ti àgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Mo ti kí ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi ti kí ẹsẹ̀ wọn bọ̀ ọ́, kò sì mú ẹnikẹ́ni rí. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ yín. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá fẹ́, ẹ má fipá mú un, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, torí ọ̀rọ̀ àjẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ọmọ ṣeré. Mo mọ bí omi òjò tó ń dúró lójú kan ṣe ń jẹ akọ òkúta wọnú. Iṣẹ́ mi ni. Mi ò tíì sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ náà rí níwájú amọ̀nà tó ń pìtàn fún wa. Nínú ilé wọn ni mo wà, ìtàn wọn ni mo wá gbọ́. Kódà orúkọ ìlú náà, wọ́n ní láti ara ìyanu tí ẹni tó kọ́kọ́ rí ibẹ̀ ké ni: "Ìdán rèé!" Ẹ ó tún rí òkúta tí àmì bí ìwé wà lára rẹ̀, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò kà rí, àti omi tí wọ́n ń pè ní Omi Àpáàrá. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà sọ ti àwọn yẹn fúnra rẹ̀.

Fún àwọn ọmọ, mo ní ohun kan tí mo rò pé wọ́n á fẹ́ ju ìtàn àjẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tí wọn ò tíì rí níbòmíràn ní gbogbo ayé àfi lórí àwọn òkúta Ìdànrè. Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà, nǹkan bí àádọ́ta ọdún kọjá tí onímọ̀ kankan kò tún fojú kàn án, àfi ìgbà tí wọ́n tún padà rí i ní 2013. Ó ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà yẹn, àwa ni a kò wò. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣì ní ìrù kì í gbé inú odò bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ yòókù. Ojú òkúta tí omi díẹ̀ ń ṣàn lé lórí, tí kò bo ẹ̀yìn wọn tán, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Ìgbà òjò ni wọ́n sábà máa ń hàn. Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti rí òkúta tí omi ń sun lára rẹ̀, ẹ fò ó, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ọṣẹ fọwọ́ níbẹ̀. Ọ̀rá omi tí ẹ bá mu tán, inú báàgì ni kẹ́ ẹ dá a padà sí.

Kí wọ́n tún wo bí òkúta náà ṣe ń bó. Akọ òkúta ni, tó ti dì lábẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí ilẹ̀ orí rẹ̀ tó ṣí lọ díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ ń bó ní ìpele bí àlùbọ́sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti bó, wọ́n á rí hóró funfun tó ń dán nínú rẹ̀, òmíràn tó èékánná.

Oṣù Kejìlá ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, kùrukùru eruku á bo gbogbo àfonífojì, ẹ ó gun 660 àtẹ̀gùn, ẹ ò sì ní rí òrùlé Òdóde. Ọ̀fun Bàbá á tún máa gbẹ. Àárín oṣù Kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù: òjò ti lọ, ọyẹ́ kò tíì dé, igbó ṣì tutù. Bí ó bá jẹ́ ìsinmi ilé ìwé nìkan lẹ lè lọ, ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gba ìsinmi, ẹ má dúró de Kérésìmesì, torí èrò máa ń pọ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà náà, ẹni tó ń rọra rìn kì í sì í rí ibi ìsinmi jókòó. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ẹ má mú wọn lọ rárá. Òkúta máa ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọdún Orósùn, ọdún ìbílẹ̀ àwọn ará Ìdànrè, oṣù Karùn-ún ni tiẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ọjọ́ ẹ̀sìn fún àwọn ará ìlú, ẹni tó bá lọ máa ń lọ bí àlejò tí wọ́n gbà láàyè.

Ẹ jáde n'Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ilẹ̀ má ṣú yín sọ́nà. Ẹ sun Àkúrẹ́, tí kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ sí Ìdànrè. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì gba amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ bá a fohùn ṣọ̀kan lórí owó kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sọ fún un pé bàbá àgbà wà pẹ̀lú yín àti pé ìlú lẹ fẹ́ dé. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ ni kí gbogbo yín wọ̀. Ẹ mú ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ojúbọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Bí orúnkún Bàbá bá kọ̀ ní ibi ìsinmi kẹta tàbí kẹrin, kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin àgbà jókòó tì wọ́n, kí èkejì mú àwọn ọmọ lọ pẹ̀lú amọ̀nà. Láti ibẹ̀ náà, wọ́n á rí ìlú ìsàlẹ̀ àti àwọn òkè tó tò lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ààfin, ẹ má tètè pè wọ́n pé ó yá. Ẹ fi wákàtí kan gbáko sílẹ̀ fún wọn ní àgbàlá yẹn, kí wọ́n jókòó síbi tí òjìji wà, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá ní í sọ fún àwọn ọmọ. Kí ẹ sì ti máa sọ̀ kalẹ̀ kí agogo mọ́kànlá tó lù.